Ẹ̀dà Tó Ṣeé Kà, Ẹ̀dà Tó Jẹ́ Òótọ́: Ìtàn Ìdánwò Ẹ̀rọ Sikánà Nínú Iṣẹ́ Ọ́fíìsì

Ní àwọn ọdún 1570, nígbà tí Timbuktu wà lábẹ́ ìjọba Songhai, wọ́n ṣe àdàkọ ìwé atúmọ̀ èdè Lárúbáwá ńlá kan tí Ibn Sida, ará Andalus, ti kọ ní nǹkan bíi 500 ọdún ṣáájú. Ìdìpọ̀ ìwé náà pọ̀. Àdàkọ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ní ìparí àwọn ìdìpọ̀ náà ni wọ́n kọ orúkọ ẹni tó da ìwé náà kọ sí. Wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn tó yẹ ẹ̀dà náà wò sí i pẹ̀lú, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì san owó iṣẹ́ fún. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé lójú àwọn ọ̀mọ̀wé Timbuktu, dída ìwé kọ jẹ́ iṣẹ́ kan, mímọ̀ bóyá àdàkọ náà bá ojúlówó mu sì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Wọn kò gbà pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́rìí ara rẹ̀ nínú èkejì.

Ìtàn ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ jẹ́ ìtàn bí iṣẹ́ kejì yẹn ṣe rọra parẹ́. Chester Carlson, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní New York, ni ó rí ọ̀nà àbáyọ kan fún wàhálà dída ìwé kọ lọ́wọ́. Àrùn oríkèé-ara ń yọ ọ́ lẹ́nu, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń béèrè ẹ̀dà ìwé púpọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1938, ní Astoria, òun àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Otto Kornei, fi aṣọ òwú nu àwo irin tí wọ́n fi ìmí-ọjọ́ pa, wọ́n tan iná sí i láti inú gíláàsì tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, wọ́n da ìyẹ̀fun sí i, wọ́n sì fi bébà gbé àwòrán rẹ̀. Ọjọ́ náà àti orúkọ àdúgbò náà ni ọ̀rọ̀ tó hàn lára bébà. Ó di ọdún 1959 kí ilé iṣẹ́ Haloid Xerox tó gbé ẹ̀rọ 914 jáde fún ọ́fíìsì, ẹ̀rọ tó wúwo tó nǹkan bíi 290 kìlógíráàmù, tí wọ́n sì sọ lórúkọ ìwọ̀n bébà tó lè dà kọ: íǹṣì 9 ní ìbú, íǹṣì 14 ní gígùn.

Fótókópì yìí kò mọ ìwé kà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń bá ojú ìwé pàdé, ibi tó bá dúdú lára ojúlówó ni yóò dúdú lára ẹ̀dà. Ó lè pa rẹ́, ó lè ní àbàwọ́n, etí ìwé lè gé kúrò, ṣùgbọ́n kò sí bí yóò ṣe sọ ẹẹ́fà di ẹẹ́jọ. Àṣìṣe rẹ̀ máa ń hàn sójú ni. Láti ara ìwà ẹ̀rọ yìí ni ìgbàgbọ́ kan ti wọ inú ọ́fíìsì káàkiri ayé, títí dé àwọn ṣọ́ọ̀bù fótókópì tó yí ilé ẹjọ́ àti ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga ká ní Nàìjíríà: pé bí ẹ̀dà bá ti mọ́ kedere, ó ti bá ojúlówó mu nìyẹn. Ìgbàgbọ́ náà kò burú ní àkókò tirẹ̀.

Sikánà ní ìran tirẹ̀, ìran náà sì dàgbà ju ti fótókópì lọ. Alexander Bain, ará Scotland, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1843 lórí ọ̀nà tí wáyà tẹ́lígíráàmù fi lè gbé àwòrán. Nígbà tó di 1865, ẹ̀rọ Giovanni Caselli ti ń gbé ìwé àfọwọ́kọ láàárín Paris àti Lyon. Ṣùgbọ́n ọdún 1957 ni àwòrán kọ́kọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà. Russell Kirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà ya àwòrán Walden, ọmọ Kirsch tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta, sínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní SEAC. Píksẹ́lì 176 ní ìbú, 176 ní gígùn: 30,976 péré ni gbogbo rẹ̀. Ní 1969, Willard Boyle àti George Smith ṣe àwárí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CCD, èyí tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná tí a lè kà. Ní 1976, Ray Kurzweil fi í ṣe sikánà pẹlẹbẹ inú ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè fún àwọn afọ́jú.

Níbi yìí ni ọ̀nà ti pín. Fótókópì ń gbé ojú ìwé láti bébà sí bébà. Sikánà ń sọ ọ́ di òǹkà, òǹkà náà ni ó sì ń tọ́jú. Ojú ìwé A4 kan tí wọ́n bá yà ní ìwọ̀n píksẹ́lì 300 sí íǹṣì kan yóò di píksẹ́lì 2,480 ní ìbú àti 3,508 ní gígùn, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 8.6. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀, fáìlì náà yóò tó mẹgabáìtì 26. Bí ó bá jẹ́ dúdú àti funfun nìkan, yóò ku nǹkan bíi mẹgabáìtì kan. Ọ́fíìsì tó ń ya ẹgbẹ̀rún ojú ìwé lójúmọ́ kò lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ọgbọ́n àtifún fáìlì pọ̀. Ìlànà tí wọ́n ṣe fún fáàsì ní 1980 àti 1984 kò bá nǹkan jẹ́: ohun tó wọlé ni yóò jáde. Ìlànà JBIG2, tó jáde ní ọdún 2000, ní ọ̀nà méjì. Ọ̀kan kò bá nǹkan jẹ́. Èkejì ń pín ojú ìwé sí ègé kéékèèké, lẹ́tà kan tàbí òǹkà kan sí ègé kan. Bí ó bá rí ègé méjì tó jọra lójú rẹ̀, ẹyọ kan ni yóò tọ́jú, yóò sì fi ẹyọ náà sí ibi tí èkejì wà. Ẹ̀rọ náà kò ka lẹ́tà. Kò mọ̀ pé lẹ́tà ni. Ìrísí nìkan ló ń wò.

Nínú ọdún 2000 kan náà ni àjọ ISO tẹ ìlànà 12653 jáde, èyí tó sọ bí ìwé ìdánwò yóò ṣe rí fún àwọn sikánà tó ń ya ìwé ọ́fíìsì ní dúdú àti funfun, àti bí wọn yóò ṣe máa lò ó. Irú ìwé ìdánwò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá ti bójú tó ilé ìtọ́jú ìwé: ìlà tó ń tín-ín-rín sí i, lẹ́tà tó ń kéré sí i, àwọ̀ eérú tó ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Wọn á gbé e sí ẹ̀rọ, wọn á sì wo ibi tí ojú kò ti lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Àwọn oníṣòwò tún fi ìdánwò tiwọn kún un, èyí tí olùrà ń béèrè lójoojúmọ́: ojú ìwé mélòó ni ẹ̀rọ ń yà ní ìṣẹ́jú kan? Ṣé ó ń gbé bébà méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan? Ṣé ó lè ya iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀? Kí ni yóò ṣe bí bébà bá ká tàbí bí pín-ìn-nì bá kù sára rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn, ẹni tó bá ti ń fa bébà yíya jáde láti inú ẹ̀rọ kò ní fojú kéré wọn. Síbẹ̀, ní ti ojú ìwé tó bá jáde, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánwò wọ̀nyí ń béèrè: ṣé ó ṣeé kà? Kò sí èyí tó béèrè bóyá ohun tí ènìyàn ń kà ni ohun tó wà lára bébà. Ayẹ̀wéwò Timbuktu kò sí nínú wọn.

Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2013 ni àìsí rẹ̀ hàn. Ní ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, wọ́n fi ẹ̀rọ Xerox WorkCentre 7535 ya àwòrán ilé kíkọ́. Yàrá mẹ́ta wà nínú àwòrán náà tí wọ́n kọ ìwọ̀n ilẹ̀ wọn sí inú àpótí kékeré: 14.13, 21.11 àti 17.42 ní ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin. Nínú ẹ̀dà tó jáde, yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni 14.13. Ẹni tó ṣàkíyèsí rẹ̀ kò ka òǹkà rárá ní àkọ́kọ́. Ó rí i pé yàrá tó tóbi lójú kò ní ìwọ̀n tó ju ti èyí tó kéré lọ. Òǹkà náà kò rú, kò fọ́n, kò sì pa rẹ́. Ó mọ́ kedere, ó tò dáadáa nínú àpótí rẹ̀. Wọ́n gbé ìwé náà sí ẹ̀rọ 7556, àṣìṣe tún wà, ṣùgbọ́n ó ń yí padà láti ìgbà kan sí òmíràn.

Wọ́n ké sí David Kriesel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Bonn. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí ọkàn gbogbo ènìyàn ni pé ètò tó ń sọ àwòrán di ọ̀rọ̀ ló ṣi òǹkà kà. Àròyé yẹn kò dúró, nítorí pé wọn kò tan ètò náà rárá. Àwòrán lásán ni wọ́n ní kí ẹ̀rọ yà. Kriesel wá ìwé mìíràn, ó sì rí i nínú tábìlì iye owó kan pé 65 ti di 85. Bí ẹyẹ bá ṣe fò ni à ń sọ òkò rẹ̀: ó ṣe ìwé ìdánwò tirẹ̀, ojú ìwé tó kún fún òǹkà kéékèèké ní ìtò, irú èyí tí ìlà tín-ín-rín inú ìwé ìdánwò àtijọ́ kò lè ṣe. Ó yẹ kí ìṣirò kan fara hàn níbí. Lẹ́tà Arial tó jẹ́ póìntì 7, tí wọ́n bá yà á ní píksẹ́lì 200 sí íǹṣì kan, òǹkà rẹ̀ kò ga ju nǹkan bíi píksẹ́lì 14 lọ. Ohun tó ya ẹẹ́fà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹẹ́jọ ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì díẹ̀ ní apá òkè ọ̀tún. Lójú ènìyàn, ìyàtọ̀ náà hàn; lójú ìlànà tó ń ṣírò ìjọra, ó kéré débi pé ègé méjèèjì di ọ̀kan.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Ògún 2013 ni ó kéde àwárí rẹ̀ fún aráyé. Ìdáhùn ilé iṣẹ́ Xerox ní àkọ́kọ́ kò jẹ́ irọ́, kò sì jẹ́ ìdáhùn. Wọ́n ní ipò ìdára mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ní, pé ipò tó rẹlẹ̀ jù ni ìpààrọ̀ lẹ́tà ti lè wáyé, pé ìkìlọ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìlò ẹ̀rọ àti lójú ètò rẹ̀, àti pé ipò tí ẹ̀rọ bá ti ilé iṣẹ́ wá kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń ka irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀, tí yóò sì gbà gbọ́ pé ẹ̀rọ tí ó ń ya àwòrán lè fi òǹkà kan rọ́pò òmíràn? Kriesel padà sí ìwé ìdánwò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó fi hàn pé àṣìṣe náà ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ipò tó kù pẹ̀lú, títí kan èyí tó ga jù, níbi tí kò yẹ kí ìpààrọ̀ kankan wáyé. Ilé iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, ó gbà pé àléébù wà nínú ètò inú ẹ̀rọ, ó sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ kí oṣù náà tó parí. Nínú ìṣirò Kriesel, àléébù náà ti wà láàárín ayé fún ọdún mẹ́jọ.

Ọdún mẹ́jọ, nínú àwọn ọ́fíìsì ńlá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ti yege nínú gbogbo ìdánwò tí olùrà ń ṣe. Kì í ṣe pé àwọn olùdánwò náà jẹ́ ọ̀lẹ. Ìdánwò tí wọ́n jogún ni ti fótókópì: wọ́n ń wá àbàwọ́n, wọ́n ń wá ibi tó pa rẹ́. Ẹ̀rọ tuntun yìí ti mú irú àṣìṣe mìíràn wá, àṣìṣe tó máa ń jọ òótọ́ gan-an nítorí pé lára ojú ìwé kan náà ni ó ti yá òǹkà tó fi ń parọ́. Ní ti ìdí èyí, bí ẹ̀dà náà ṣe mọ́ tó kò jẹ́ ẹ̀rí kankan mọ́.

Fún àwọn tó ń fi èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí òǹkà. Àmì kékeré ni púpọ̀ nínú àwọn álífábẹ́ẹ̀tì wa fi ń ya ohùn sọ́tọ̀. Nínú ìwé Yorùbá tí wọn kò fi àmì ohùn sí, irú èyí tó pọ̀ nínú fáìlì ọ́fíìsì àtijọ́, àmì ìsàlẹ̀ nìkan ló ń ya owo sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ, àti ero kúrò lára ẹrọ. Nínú lẹ́tà póìntì 12 tí wọ́n yà ní píksẹ́lì 200 sí íǹṣì, àmì náà fẹ̀ tó nǹkan bíi píksẹ́lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju eruku lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ sikánà ní ètò kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti nu eruku kúrò lójú ìwé: àmì kékeré èyíkéyìí tó bá dá dúró, tí kò fara kan ohun mìíràn, ni yóò ká mọ́ ìdọ̀tí. Ìgbò, tó ń kọ ị, ọ àti ụ, wà nínú ewu kan náà. Ti Hausa tún yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ìwọ̀ kékeré tó lẹ̀ mọ́ lẹ́tà ni ó ní, kì í ṣe àmì tó dá dúró. Ètò ìnudọ̀tí kò ní lè mú un. Ṣùgbọ́n ìlànà tó ń wo ìjọra lè sọ ɓ di b, kí ó sì sọ ƙ di k. Ƙara ni kí ènìyàn fi kún nǹkan. Kara ni pòròpórò ọkà. Olùkọ́ èdè tó bá gba irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lè dá akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òǹkọ̀wé lẹ́bi fún àṣìṣe tí ẹ̀rọ ṣe.

Èyí ni ìdí tí ìwé ìdánwò tó bá wá láti ilẹ̀ òkèèrè kò fi tó fún ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé ní èdè wọ̀nyí. Ìwé tó ní 6 àti 8, ẹ àti e, ṣ àti s, ɓ àti b ní ìtò gígùn, ní lẹ́tà kékeré, kò náni ju bébà kan lọ. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kíkà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti yà á tán, kí ènìyàn méjì sì ṣe é: ẹnì kan á ka ojúlówó, ẹnì kejì á máa wo ẹ̀dà. Ẹni tó bá kàn fi ojú sáré lu ú kò tíì dán nǹkan kan wò.

Òfin pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ìdánwò àtijọ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí tí Nàìjíríà ṣe ní 2011, èyí tí wọ́n tún fi àtúnṣe kún ní 2023, fàyè gba ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nílé ẹjọ́, bí àwọn ohun kan bá pé. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí kọ̀ǹpútà náà máa ṣiṣẹ́ bó ti yẹ ní àkókò tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Òfin náà dára, ó sì ti pẹ́ kí ilé ẹjọ́ wa tó ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé tó ń lo WorkCentre láàárín ọdún mẹ́jọ wọ̀nyẹn tí kò ní búra tọkàntọkàn pé ẹ̀rọ òun ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ.

Ní Jámánì, ibi tí òfin ti fàyè gba àwọn ọ́fíìsì kan láti ba ojúlówó jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yà á tán, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, BSI, kéde ní 2015 pé kí wọ́n má lo JBIG2 fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyẹn ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yà. Àtúnṣe tí Xerox fi ránṣẹ́ ní 2013 náà kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì di dandan kí ẹni tó ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbé e wọ inú rẹ̀ kí ó tó wúlò. Ní ti fáìlì tí wọ́n ti yà ṣáájú, kò sí àtúnṣe. Nígbà tí ẹ̀rọ fi ègé kan rọ́pò òmíràn, ó ju èyí tó rọ́pò nù. Ìrísí rẹ̀ kò sí nínú fáìlì náà níbikíbi tí ọlọ́gbọ́n kankan lè wá a lọ. Bébà nìkan ló lè sọ ohun tó wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n bá ṣì tọ́jú bébà sí.